Àlọ́ lórí ilẹ̀ tó bí i: ìrìn ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn odi Kétu

Àwọn àlejò tí ń wá sí Kétu, ìlú Yorùbá ní orílẹ̀-èdè Benin, sábà máa ń wá nítorí nǹkan méjì. Àwọn kan ń wá wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àjọ UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó wà lára àjogúnbá gbogbo ayé, tí wọ́n sì kọ sínú ìwé wọn ní 2008. Àwọn mìíràn ń wá wo Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tí ó ṣì dúró létí yàrà odi ìlú. N kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni wá nítorí àlọ́, bẹ́ẹ̀ àlọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa ará agbègbè yìí kọ́kọ́ gbọ́ kí a tó mọ̀ pé odi wà tàbí pé agọ̀ ń jó. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì máa ń kó àwọn ọmọdé jáde lásìkò ìsinmi, tí ó ń mú wọn rìn láàárín oko àti igbó kékeré ẹ̀yìn odi, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí irú ilẹ̀ tí ìtàn Ìjàpá, ti Olúrónbí àti ti obìnrin tí ó ń di àgbọ̀nrín ti jáde wá.

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ń gbé, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo sì kó dání ní ìsinmi Àjíǹde. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Sàkété àti Pọ́bẹ̀ lọ sí Kétu yóò ti ṣàkíyèsí bí ilẹ̀ ti ń yí padà. Títí dé Pọ́bẹ̀, ọ̀pẹ ni ó gba gbogbo ojú, kò sì yani lẹ́nu pé ibẹ̀ ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ sí ní 1922. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí, amọ̀ tí ó máa ń sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó sì máa ń di ẹsẹ̀ àti táyà mú bí òjò bá ti rọ̀, kí ó tó tún gun òkè padà sórí ilẹ̀ pupa Kétu, níbi tí igi osè ti ń dá dúró láàárín oko àgbàdo àti oko ẹ̀gẹ́. Mo ní kí àwọn ọmọ náà máa wo ìta láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Èyí tí ó kéré nínú wọn sùn.

Ìṣòro kan wà tí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe irú ìrìn yìí ní ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú: a kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, wọ́n ní ọmọ tí ó bá pa àlọ́ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè yóò pàdánù ìyá rẹ̀, ìhalẹ̀ yẹn nìkan sì ti tó láti pa ọmọ lẹ́nu mọ́. (Mo ti dàgbà tó báyìí láti rí i pé ìhalẹ̀ náà wúlò fún iṣẹ́ oko, nítorí ọmọ tí ó bá jókòó ti orin àlọ́ ní ọ̀sán kò ní lé ẹyẹ kúrò lórí àgbàdo.) Báwo wá ni ènìyàn yóò ṣe mú ọmọdé rìn láàárín oko, níbi tí ó ti nílò ìmọ́lẹ̀ láti ríran, kí ó sì tún pa àlọ́ fún un, nígbà tí àlọ́ gbọ́dọ̀ dúró de òkùnkùn?

Ọgbọ́n tí Bàbá, bí gbogbo wa ti ń pe afinimọ̀nà wa, dá sí ọ̀ràn yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí ó ṣe. Nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni a gbéra, títí oòrùn sì fi wọ̀, kò pa àlọ́ kankan. Ó kàn ń fi nǹkan hàn wá ni: kànga, igi, òkìtì ọ̀gán, oko iṣu, yàrà. Ó ń bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọ́n rí, ó sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi í pamọ́ sínú, pé òun yóò gbà á padà lọ́wọ́ wọn lálẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí a padà sí agbo ilé rẹ̀ ni àlọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ọmọ kan níbẹ̀ tí kò tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ irú ibi tí ìtàn kọ̀ọ̀kan ń sọ nípa rẹ̀. Nítòsí ààfin Alákétu, fún àpẹẹrẹ, ó dá wọn dúró síbi tí àgbàrá ti gbẹ́ ilẹ̀ pupa jinlẹ̀, ó ní kí wọ́n wo ibi tí omi òjò gbà wá àti ibi tí ó gbà lọ, kò sì sọ ohunkóhun mọ́. Lálẹ́, kí àlọ́ onígbè tó bẹ̀rẹ̀, ó bi wọ́n ní àlọ́ àpamọ̀ pé kí ni ó kọjá níwájú ààfin tí kò kí ọba. Gbogbo wọn ni wọ́n pariwo ìdáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tí a ti pẹ́ jù ni kànga. Kò sí odò tí ó ṣàn gba inú ìlú Kétu kọjá; orí ilẹ̀ gíga ni ìlú náà wà, omi abẹ́ rẹ̀ sì jìn gan-an. Kí ẹ̀rọ tó dé, ìyá tí ó bá fẹ́ omi ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní láti jí kí àkùkọ tó kọ, bí òjò bá sì ti ń rọ̀, gbogbo ìkòkò tí ó bá wà nílé ni wọ́n ń gbé sí etí òrùlé. Bàbá mú wa lọ sí ẹ̀bá kànga àtijọ́ kan tí okùn ti jẹ ẹnu rẹ̀ ní ìlà ìlà. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ìka sínú ìlà náà, kí ó sì sọ bí ọwọ́ tí ó fa okùn níbẹ̀ yóò ti pọ̀ tó kí okùn tó lè jẹ òkúta. Lẹ́yìn èyí ó ní kí wọ́n fa omi. Ọmọ Kútọnú kan, tí ó jẹ́ pé ó kàn ń ṣí ẹ̀rọ omi nílé ni, fa okùn, ó fà á títí, ó sì bèèrè lọ́wọ́ mi ní èdè Faransé bóyá korobá náà ti já. Kò já. Omi ni kò tíì dé òkè.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí irú ilẹ̀ báyìí ń fi kún àlọ́ tí gbogbo wa mọ̀. Ọ̀dá dá, odò gbẹ, àwọn ẹranko sì péjọ pé kí àwọn gbẹ́ kànga. Gbogbo wọn gbẹ́ ẹ, Ìjàpá nìkan ni ó kọ̀. Nígbà tí omi wá yọ, wọ́n ní ẹni tí kò bá wọn gbẹ́ kò gbọdọ̀ bá wọn mu. Ìjàpá sì ń yọ́ wá lóru, ó ń bu omi, ó tún ń wẹ̀ nínú rẹ̀ títí omi fi dàrú. Wọ́n gbẹ́ ère, wọ́n fi àtè kùn ún, wọ́n gbé e sí etí kànga. Ìjàpá kí ère, ère kò dá a lóhùn. Ó gbá a létí, ọwọ́ lẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì gbá a, ìyẹn náà lẹ̀. Ó ta á nípàá, ẹsẹ̀ lẹ̀. Mo ti gbọ́ àlọ́ yìí láti kékeré ní Àjàṣẹ́, níbi tí ọ̀sà wà lábẹ́ ìlú, mo sì ti ń fi í rẹ́rìn-ín gẹ́gẹ́ bí ìtàn olè tí ọwọ́ tẹ̀. Ní etí kànga yẹn ni ó yé mi pé ohun tí ó ń bí ẹranko nínú kì í ṣe omi tí Ìjàpá mu. Òógùn wọn ni ó ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì fa omi láti ibi jíjìn lè ka ìyà tí wọ́n fi jẹ Ìjàpá sí àṣejù. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti fa okùn ní ìrọ̀lẹ́ kò bèèrè lálẹ́ ìdí tí inú fi bí àwọn ẹranko. Bàbá tilẹ̀ ti dá igi ọ̀pọ̀tọ́ kan lápá lójú ọ̀nà, ó fi oje funfun rẹ̀ kan àtẹ́lẹwọ́ àwọn ọmọ, ó sì jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú láti nù ún kúrò. Lára irú oje bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ oko ti ń ṣe àtè tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ.

A rí ìjàpá gan-an, ìjàpá tí kì í sọ̀rọ̀, lẹ́yìn tí a kúrò níbẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti ń rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń lọ jẹ́jẹ́ lábẹ́ ẹ̀gẹ́, níbi tí olú ti ń hù. Bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e. Ó ní kí a wo ẹ̀yìn ìkarahun rẹ̀, níbi tí ó ti ní oríkèé, nítorí pé irú ìjàpá tí ó wà ní oko wa lè pa apá ẹ̀yìn ìkarahun rẹ̀ dé mọ́ ẹsẹ̀ bí ẹ̀rù bá bà á. Ó wá sọ ohun kan tí mo ti ń rò láti ìgbà náà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ní, ẹ kò ní rí i. Ó máa ń wọ abẹ́ ewé gbígbẹ tàbí inú ihò, yóò dákẹ́ síbẹ̀, kò ní jẹ, kò ní mu, títí òjò yóò fi rọ̀. Bí òjò bá sì ti rọ̀, òun náà ti dé nìyẹn. Bàbá kò fi kún un, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ní àkókò tí gbogbo ẹranko ń wá omi kiri, ẹnì kan ṣoṣo ni a kò rí níbi iṣẹ́, ọjọ́ tí omi dé, ó ti wà níbẹ̀, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Èrò tèmi ni pé àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ pa àlọ́ kànga kò jókòó láti hùmọ̀ ọ̀lẹ kan. Wọ́n wo oko wọn ní ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n tún wò ó ní ìgbà òjò, wọ́n sì rí ẹni tí ẹ̀bi náà bá lára mu.

Oko iṣu kò gbà wá lákòókò púpọ̀. Bàbá ní kí àwọn ọmọ wo bí ebè ti tò, kí wọ́n sì wo bí ọ̀nà tí ó jáde kúrò nínú oko náà ti tóóró tó, nítorí àlọ́ Ajá àti Ìjàpá tí wọ́n lọ jí iṣu wà, níbi tí Ajá ti wa ìwọ̀nba tí ó lè gbé sáré, tí Ìjàpá sì di ẹrù tí kò lè gbé jáde. Olóko náà wà níbẹ̀. Ó ti mọ ohun tí a wá ṣe, ó sì ń ṣe bí ẹni tí ó ń ka iṣu rẹ̀ lójú wa, àwọn ọmọ sì fi èyí ṣe ẹ̀rín títí.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti bá Bàbá jiyàn nínú ọkàn mi. Ìrókò ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà oko, wọ́n ti ró o ní aṣọ funfun. Ó ní kí a dúró ní ìwọ̀n ọ̀nà díẹ̀ sí i, ó sì ṣàlàyé ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn án. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá bèèrè pé, “Bàbá, ṣé igi yìí gan-an ni Olúrónbí jẹ́jẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ fún?” Bàbá wò mí, ó wo ọmọ náà, ó ní, “Òun gan-an ni.” Inú ọmọ náà dùn, ó sì ti sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ní Àjàṣẹ́ pé òun rí igi Olúrónbí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìpurọ́. Ní agbègbè Sussex, igbó kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ashdown Forest. Òǹkọ̀wé A. A. Milne ra ilé oko kan nítòsí rẹ̀ ní 1925, ó rí bí ọmọ rẹ̀, Christopher Robin, ti ń fi àwọn ẹranko ìṣeré rẹ̀ ṣeré ní àyíká ibẹ̀, ó sì kọ àwọn ìtàn béárì Winnie-the-Pooh tí wọ́n jáde ní 1926 àti 1928, E. H. Shepard, tí ó ya àwòrán inú wọn, lọ wo ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Títí di òní ni àwọn àlejò ń lọ dúró lórí afárá kékeré kan níbẹ̀, tí wọ́n ń ju ẹ̀ka igi sínú omi ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí wọ́n sì ń sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì láti rí ti ẹni tí yóò kọ́kọ́ yọ. Ẹnì kan ni ó kọ ìtàn wọn, ọdún tí ó kọ ọ́ wà lákọsílẹ̀, ilé tí ó gbé sì wà níbẹ̀. Ta ni yóò sọ pé òun ni ó ni Olúrónbí? Láti Ìjẹ̀bú títí dé Sábẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á, kò sì sí ìlú kan nínú wọn tí kò ní ìrókò tirẹ̀ lẹ́yìn ilé. Bí Bàbá bá fi ìka tọ́ igi kan, ó ti gba ìtàn náà lọ́wọ́ gbogbo ìrókò yòókù. Ì bá wù mí kí ó dá ọmọ náà lóhùn pé irú igi yìí ni, kí ó sì jẹ́ kí ó máa wo gbogbo ìrókò tí ó bá rí láti ọjọ́ náà lọ pẹ̀lú ìfura díẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ń kó ọmọ ogúnlọ́gọ̀ kiri oko ní ìrọ̀lẹ́, mo sì mọ̀ pé “irú rẹ̀ ni” kì í dùn létí ọmọdé tó “òun gan-an ni”.

Ibi òkìtì ọ̀gán ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Ọ̀gán kan ga ju àgbàlagbà lọ níbi tí ọ̀nà oko ti pàdé ọ̀nà ọjà, Bàbá sì ní kí àwọn ọmọ yí i po, kí wọ́n wá ihò tí ènìyàn lè ki aṣọ bọ̀. Àwa àgbà ti mọ ibi tí ó ń lọ: àlọ́ ọdẹ tí ó wà lórí ègùn, tí ó rí àgbọ̀nrín tí ó bọ́ awọ rẹ̀, tí ó ká a, tí ó fi í pamọ́, tí ó sì di arẹwà obìnrin tí ń lọ sí ọjà. Ọdẹ jí awọ náà, ó fi obìnrin náà ṣaya, ó ṣèlérí pé òun kò ní tú àṣírí rẹ̀, títí ọjọ́ tí ìyáálé fi gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ó mutí yó. Ìyá kan tí ó ru igi ìdáná ń ti oko bọ̀ nígbà náà. Ó kí wa pé, “Ẹ kú ìrìn o,” ó wo àwọn ọmọ tí wọ́n ń ki ọwọ́ sára ọ̀gán, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní, “Bàbá, ẹ má ṣì wọ́n lọ́nà. Ìyá tèmi ní abẹ́ gbòǹgbò igi ni ó máa ń kó o sí, kì í ṣe inú ọ̀gán, ìkán yóò jẹ awọ.” Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè pé, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, oòrùn ṣì wà lókè!” Ìyá náà bo ẹnu rẹ̀, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín. Lálẹ́, nígbà tí Bàbá dé ibẹ̀ nínú àlọ́ náà, ó ní abẹ́ gbòǹgbò ni obìnrin náà fi awọ sí.

Ẹnubodè ni a parí ìrìn sí, níbẹ̀ ni Bàbá sì ti sọ ìtàn ní ojúmọmọ, nítorí pé ìtàn kì í ṣe àlọ́, kò sì sí èèwọ̀ tí ó de àkókò rẹ̀. Ó sọ bí Ọba Èdè ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Àró, bí ọdẹ tí wọ́n ń pè ní Alálúmọ̀n ti fi ọ̀nà hàn wọ́n, àti bí wọ́n ti rí iná gbà lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan tí wọ́n bá lórí ilẹ̀ náà. Ó sọ bí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ti fọ́ ìlú ní 1886, nígbà ayé Glèlè, ọba wọn, àti bí wọ́n ti padà wá tún un kọ́ lẹ́yìn tí agbára Dàhòmì ti ṣẹ́. Àwọn ọmọ ń wo ìsàlẹ̀ yàrà odi, tí ó ṣì jìn ní àwọn ibì kan bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ti ń kún un. Kò sọ ohun tí yóò fi yàrà náà ṣe lálẹ́. Ìgbà tí ó dé orí àlọ́ tí Ìjàpá ti fi oyè ọba tan Àjànàkú wọ ìlú, tí wọ́n gbẹ́ kòtò, tí wọ́n tẹ́ ẹní lé e lórí, tí wọ́n sì fi ìlù àti orin mú un dé orí ìtẹ́, ni ọmọ Kútọnú náà sọ jáde lójijì pé yàrà yẹn gba erin.

Mo ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ará Sábẹ̀ pé kí wọ́n wá ẹni tí yóò ṣe irú èyí fún wọn. Wọ́n ní àwọn òkè àpáta tí a kò ní, tí àwọn bàbá wọn sá sí nígbà ogun, àlọ́ wọn kò sì lè dọ́gba pẹ̀lú tiwa tí a wà lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí Kétu fún ìrìn yìí, kí ó dúró de ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ó lè bá ìjàpá pàdé. Kí ó wọ bàtà tí ó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, nítorí ìjàlọ máa ń tò gba ojú ọ̀nà oko kọjá, kí ó sì kí olóko kí ó tó wọ oko rẹ̀. Kí ó má ṣe gbé ìjàpá lọ sílé, bí ọmọ tilẹ̀ ń sunkún. Bàbá kì í dá owó lé ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó bá wá láti ọkàn rẹ ni ìwọ yóò fún un. Ohun tí ó ń bèèrè ni pé kí ọmọ tí ó bá fẹ́ wá lẹ́ẹ̀kejì mú àlọ́ kan wá láti ẹnu ìyá ìyá rẹ̀ tàbí ìyá bàbá rẹ̀, èyí tí òun kò tíì gbọ́ rí. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí ìsinmi ńlá tó dé. Ó rántí orin mẹ́ta, kò rántí ìtàn tí wọ́n ń kọ wọ́n sí, nítorí náà Ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀ ni a ó jọ lọ bá ìyá àgbà wa ní Sàkété, lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú.